Omíyalé ní Accra: Ìmúrasílẹ̀ Ìdílé, Ọjà àti Ilé Ìwòsàn ní Agbègbè Makola

Àwọn kókó pàtàkì

- Àsìkò òjò ńlá ní gúúsù Ghana máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, ó sì máa ń parí ní oṣù Keje. Oṣù Kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù ní Accra. Òjò kékeré tún máa ń wá láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá.
- Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015, ènìyàn tí ó lé ní 150 ni omíyalé àti iná pa ní Accra. Púpọ̀ nínú wọn ti sá fún òjò lọ sí abẹ́ òrùlé ilé epo kan.
- Omi tó ń ṣàn tí jíjìn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lè gbé ẹsẹ̀ àgbàlagbà kúrò nílẹ̀. Èyí tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60 lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ.
- Ewu omíyalé kì í tán nígbà tí omi bá fà. Ìgbẹ́ gbuuru, onígbáméjì àti ibà lè tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀.
- Ẹni tí ó ń lo oògùn lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ní oògùn ọ̀sẹ̀ 2 ní ìpamọ́ kí àsìkò òjò tó wọlé.
- Ohun àkọ́kọ́ nínú ìmúrasílẹ̀ ìdílé ni kí gbogbo ará ilé ti mọ ibi tí wọn yóò sá sí kí ọjọ́ náà tó dé.

Àkópọ̀

Omíyalé ni a ń pe ẹ̀kún omi tí ó wọ inú ilé. Accra kì í ṣe ìlú tí òjò rẹ̀ pọ̀ jù ní Ghana. Òjò ọdún kan níbẹ̀ kò ju nǹkan bí mílímítà 800 lọ, kò sì tó ti Kumasi tàbí ti Axim. Síbẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àsìkò òjò tó ń kọjá tí omi kì í wọ ilé àwọn ènìyàn níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Òjò púpọ̀ lè rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ ìlú náà tẹ́jú. Ilé àti ọ̀dà ti bo ilẹ̀ tí ì bá máa fa omi mu, bẹ́ẹ̀ ni pàǹtírí àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà ti dí ọ̀pọ̀ gọ́tà. Odò Odaw gba àárín ìlú kọjá lọ sí ọ̀sà Korle kí ó tó wọ inú òkun. Nígbà tí odò yìí bá kún àkúnya, Alajo, Avenor, Adabraka àti Kwame Nkrumah Circle wà lára àwọn ibi tí omi ń bò. Ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú, omi tí a bá tú sílẹ̀ láti inú ìdídò Weija, tó wà lórí odò Densu, máa ń dé àwọn àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tajà ní Makola kì í gbé ibẹ̀. Wọ́n ń wọ trotro wá ní òwúrọ̀, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ padà ní ìrọ̀lẹ́. Bí òjò bá dé ní ọ̀sán, ìyá wà ní ọjà, ọmọ wà ní ilé ìwé, arúgbó wà nílé. Nítorí náà, ibi mẹ́ta ni omíyalé ti lè ká oníṣòwò Makola mọ́: ọjà, ojú ọ̀nà, àti ilé. Ìmúrasílẹ̀ tí kò bá ro ti ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì pé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2015

Ní ọjọ́rú, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015, òjò ńlá rọ̀ ní Accra. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, omi ti gba ojú pópó ní Circle. Ọkọ̀ kò lè lọ, kò sì lè padà. Àwọn tí ń ti ibi iṣẹ́ àti ọjà bọ̀ há sójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sá sí abẹ́ òrùlé ilé epo kan. Epo dà mọ́ omi. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà ó léfòó, àgbàrá sì gbé e káàkiri. Nígbà tí iná ràn án, ilé epo náà bú gbàmù.

Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó bú àwọn tó sá síbẹ̀. Ẹni tí òjò bá ká mọ́ ojú ọ̀nà ní alẹ́ yóò sá sí ibi tí òrùlé bá ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé inú ìbẹ̀rù àti òkùnkùn ni ènìyàn ti ń yan ibi ìsádi tí kò bá yàn án ṣáájú. Ibi tí a bá ti yàn lójú mọmọ, a ti yẹ̀ ẹ́ wò, a sì ti mọ̀ pé epo, gọ́tà tàbí wáyà iná kò sí nítòsí rẹ̀.

Kì í ṣe Accra nìkan ni irú àjálù yìí ti dé. Àwọn ará Ìbàdàn kò gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún tí ó sì gbé ènìyàn àti ilé lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100 ní ìlú kan náà. Àwọn àgbà ní, àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ìmúrasílẹ̀ ni ọ̀nà tí onílé fi ń sọ pé òun kò gbà.

Omíyalé òjiji àti omíyalé tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀

Irú omíyalé méjì ni ó yẹ kí ìdílé mọ̀ yàtọ̀ síra wọn, nítorí pé àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fún ni kò dọ́gba.

*Omíyalé òjiji.* Èyí ni ó wọ́pọ̀ ní Accra. Láti ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí ìgbà tí omi yóò wọlé lè má ju wákàtí kan lọ. Kò sí àyè láti máa di ẹrù. Ohun tí a ti dì sílẹ̀ nìkan ni a lè gbé.

*Omíyalé tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.* Èyí wọ́pọ̀ ní ìgbèríko tó wà létí odò ńlá. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ọdún 2023, a tú omi sílẹ̀ láti inú ìdídò Akosombo nítorí pé adágún Volta ti kún. Omi náà bo ọ̀pọ̀ abúlé nísàlẹ̀ odò Volta. Mepe àti Battor ní agbègbè North Tongu wà lára àwọn ibi tí ó kàn jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sá kúrò nílé, oko àti ẹran ọ̀sìn ṣòfò, kànga àti ṣáláńgá sì rì sínú omi. Níbi tí omi bá ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀ báyìí, ìdílé lè rí ọjọ́ mélòó kan láti kó àwọn aláìsàn, àwọn aboyún àti àwọn arúgbó jáde. Ewu ibẹ̀ ni kí a máa rò pé omi kò ní í gòkè ju ti àná lọ, títí tí ọ̀nà yóò fi dí. Bí ẹ bá ní ẹbí ní irú ìgbèríko bẹ́ẹ̀, ẹ pè wọ́n nígbà tí ìkìlọ̀ bá jáde, kí ẹ sì gbà wọ́n níyànjú láti tètè kúrò.

Àwọn tí ewu pọ̀ fún jù

- Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5, àwọn aboyún àti àwọn arúgbó.
- Àwọn tí kò lè rìn dáadáa, àwọn tí kò ríran tàbí tí kò gbọ́ràn.
- Àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, wárápá, fòníkú-fọ̀ladìde tàbí àìsàn kíndìnrín.
- Àwọn tí ń lo oògùn kòkòrò HIV tàbí ti ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀.
- Àwọn tí ń gbé létí odò Odaw, létí gọ́tà ńlá tàbí nínú ilé pákó.
- Àwọn tí ń sùn sínú ọjà tàbí sí iwájú ìsọ̀. Lára wọn ni àwọn kayayei, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́bìnrin alárù tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti àríwá Ghana.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan ibi ìsádi

Ẹ jókòó pẹ̀lú gbogbo ará ilé, àti ọmọdé, kí ẹ yan ibi mẹ́ta: ọ̀kan nítòsí ọjà, ọ̀kan ní ojú ọ̀nà tí ẹ ń gbà lọ sílé, ọ̀kan nítòsí ilé. Ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ilé alájà tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ lè wúlò. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ibẹ̀ ṣáájú. Ibi ìsádi tó dára gbọ́dọ̀ ní àwọn ohun wọ̀nyí:

- Ó wà ní ibi gíga, ènìyàn sì lè dé ibẹ̀ láìkọjá nínú omi tàbí lórí afárá kékeré.
- Ó jìnnà sí ilé epo, sí ibi tí a ti ń ta gáàsì, àti sí òpó iná àti tíráńsífọ́mà.
- Kò sí ògiri tó ti sán tàbí igi ńlá tó lè wó lù ú.
- Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í wà ní títì ní alẹ́, tàbí kí a mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí òfin yìí: *bí òjò bá ká olúkúlùkù mọ́ ibi tí ó wà, kí ó dúró sí ibi ìsádi tí ó sún mọ́ ọn títí omi yóò fi fà.* Ìyá tí ó wà ní Makola kò gbọdọ̀ kọjá nínú omi Circle nítorí ọmọ tí ó ti wà lókè ilé ìwé rẹ̀. Kí òfin yìí tó lè rọrùn láti pa mọ́, ìyá gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé ọmọ náà ní ẹni tí yóò mójú tó o. Nítorí náà, ẹ yan aládùúgbò kan tàbí olùkọ́ kan, kí ẹ sì fún un ní nọ́ńbà fóònù yín. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹbí kan tí ó wà ní ìlú mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú, kí gbogbo ará ilé lè máa ránṣẹ́ sí ẹni kan náà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ máa fetí sí ìkìlọ̀

Àjọ Ojú Ọjọ́ Ghana ni ó ń kéde òjò ńlá ṣáájú. NADMO, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ àjálù, ni ó ń darí ìrànlọ́wọ́. Nọ́ńbà pàjáwìrì jákèjádò Ghana ni 112. Ẹ tún lè pe 192 fún panápaná àti 193 fún ọkọ̀ aláìsàn. Ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri, nítorí pé fóònù lè kú.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Twi àti Ga ni a sábà fi ń ṣe ìkìlọ̀ lórí rédíò ní Accra. Bí àgbàlagbà kan nínú ilé bá gbọ́ Yorùbá nìkan, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa túmọ̀ ìkìlọ̀ fún un.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ di àpò pàjáwìrì

Ẹ lo àpò tí a lè gbé kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ sì gbé e kọ́ sókè lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ kó àwọn ohun wọ̀nyí sínú rẹ̀:

- Oògùn ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tí ó ń lo oògùn, nínú ike tí omi kò lè wọ̀.
- Káàdì ìlera, ìwé ilé ìwòsàn, ìwé aboyún àti káàdì àjẹsára ọmọ, nínú ọ̀rá tí a so pa. Bí ẹ bá ní fóònù tí ń ya àwòrán, ẹ ya àwòrán wọn pẹ̀lú.
- Páálí ORS 6 ó kéré tán, ọṣẹ, báńdéèjì àti aṣọ mímọ́.
- Iná tọ́ọ̀ṣì, fèrè tí a lè fi pe ìrànlọ́wọ́, owó díẹ̀ àti bátìrì tí a fi ń gba iná sí fóònù.
- Oúnjẹ tí kò nílò sísè, bíi gàrí, ẹ̀pà àti bísíkíìtì.
- Bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, àti ohun tí obìnrin ń lò ní àkókò nǹkan oṣù.

Ní ti omi mímu, ẹ pèsè lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 3. Àpò píọ̀wọ́tà kan ní Ghana sábà máa ń ní ọ̀rá 30, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdajì lítà. Èyí já sí pé àpò kan tó ẹnì kan fún ọjọ́ 3. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi gíga, kí ẹ máa mu ti àtijọ́ kí ẹ sì máa fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tún ilé àti ìsọ̀ ṣe

*Nínú ilé.* Ẹ kó pàǹtírí kúrò nínú gọ́tà iwájú ilé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì kó o sí etí gọ́tà, nítorí pé òjò àkọ́kọ́ ni yóò dá a padà. Ẹ gbé oúnjẹ, oògùn àti ìwé sókè. Kí gbogbo àgbàlagbà mọ bí a ṣe ń pa iná mọ̀nàmọ́ná láti ibi mítà, àti bí a ṣe ń ti gáàsì.

*Ní ìsọ̀.* Ẹ gbé ọjà kúrò nílẹ̀ sórí pákó tàbí búlọ́ọ̀kù. Ẹ má ṣe tọ́jú bẹntiróòlù sí ìsọ̀. Ẹ pa iná èédú àti iná mọ̀nàmọ́ná kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣe kó ọjà dí ọ̀nà àárín ìsọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn yóò gbà jáde. Ó dára kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà yan àwọn tí yóò máa ké sí àwọn tí ń sùn sí ọjà nígbà tí ìkìlọ̀ bá jáde.

Nígbà tí omi bá dé

- Ẹ pa iná mọ̀nàmọ́ná bí omi kò bá tíì dé ibi mítà. Bí ẹ bá ti dúró nínú omi, ẹ má fọwọ́ kan án.
- Ẹ gbé àpò pàjáwìrì, kí ẹ lọ sí ibi ìsádi. Ẹ má padà nítorí ẹrù.
- Ẹ má ṣe rìn tàbí wakọ̀ nínú omi tó ń ṣàn. Gọ́tà tí kò ní ìdérí kì í hàn lábẹ́ omi.
- Bí ẹ bá wà nínú trotro tí omi sì ń gòkè, ẹ ní kí awakọ̀ dúró kí ó sì padà sí ibi gíga.
- Bí ẹ bá gbọ́ òórùn bẹntiróòlù tàbí gáàsì, ẹ kúrò níbẹ̀ kíákíá. Ẹ má ṣáná, ẹ má mu sìgá, ẹ má tan ẹ̀rọ amúnáwá.
- Bí ọ̀nà bá ti dí, ẹ gun òkè ilé, kí ẹ fọn fèrè, kí ẹ sì pe 112.

Lẹ́yìn tí omi bá fà

*Omi mímu.* Ẹ ka gbogbo omi kànga àti omi ẹ̀rọ sí omi ìdọ̀tí títí àwọn aláṣẹ yóò fi sọ pé ó ti mọ́. Ẹ se é títí yóò fi hó fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, tàbí kí ẹ kán bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5%, sínú rẹ̀: ẹ̀kán 2 fún lítà kan bí omi náà bá mọ́ gaara. Bí ó bá dàrú, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì lo ẹ̀kán 4. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó mu ún.

*Oúnjẹ àti oògùn.* Ẹ da oúnjẹ tí omi àgbàrá kàn nù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà títà ni. Oògùn tí omi náà kàn kò yẹ ní lílò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ oògùn tí ẹ̀mí yín gbára lé, tí omi kò sì wọ inú rẹ̀, ẹ máa lò ó nìṣó títí ẹ ó fi rí òmíràn gbà, kí ẹ sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

*Ọgbẹ́ àti ejò.* Ẹ wọ bàtà àti ìbọ̀wọ́ nígbà tí ẹ bá ń kó ẹrẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ọgbẹ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn fún àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì bí ọgbẹ́ náà bá jìn tàbí bí ó bá dọ̀tí. Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ má so ó pinpin. Ẹ mú kí ẹni náà má mira, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

*Ẹ̀rọ amúnáwá.* Ẹ má ṣe tan án nínú ilé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí nítòsí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ní oró tí kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

*Ẹ̀fọn.* Ẹ da omi tó dúró sínú táyà, agolo àti ike nù. Ẹ máa sùn sínú àpò ẹ̀fọn. Bí ara bá gbóná, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà, kódà bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí omi ti fà.

Onígbáméjì

Ní ọdún 2014, àwọn tí onígbáméjì mú ní Ghana lé ní 28,000, àwọn tí ó pa sì lé ní 240. Agbègbè Accra ni ó ti pọ̀ jù. Omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ẹni tí ó ní àrùn náà ti kàn ni ó ń gbé e kiri. Nígbà tí omíyalé bá da ìgbẹ́ inú ṣáláńgá àti gọ́tà pọ̀ mọ́ omi tí a ń lò, ọ̀nà ti là fún un.

Àmì rẹ̀ lè hàn láàárín wákàtí 12 sí ọjọ́ 5: ìgbẹ́ gbuuru tí ó dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, pẹ̀lú èébì. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí pé omi ara ni ó ń fà gbẹ. Ohun tí ó ń gba ẹ̀mí là ni kí a dá omi padà sínú ara:

- Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fún aláìsàn ní ORS lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì dá a dúró bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.
- Bí kò bá sí ORS, ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré sínú omi mímọ́ lítà kan, ìyẹn ọ̀rá píọ̀wọ́tà 2. Kí ṣíbí náà kún déédéé ẹnu rẹ̀, kí ó má gogoro.
- Ẹ máa fún ọmọ ní ọmú nìṣó.
- Ẹ sáré gbé aláìsàn lọ bí ojú rẹ̀ bá jìn sínú, bí kò bá tọ̀, bí ó bá ń sùn ṣáá, tàbí bí kò bá lè mu omi.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbẹ̀yà àti kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹni tí ó ń ta oúnjẹ ní ọjà gbọ́dọ̀ kúrò nídìí títà bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Fún àwọn tí ń lo oògùn lójoojúmọ́

*Ẹ̀jẹ̀ ríru, wárápá, HIV àti ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀.* Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ẹ kúrò nílé. Bí oògùn bá ṣègbé, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù, kódà bí kì í bá ṣe èyí tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú. Ẹ kọ orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú páálí tí yóò wà lára yín. Kò tó kí ẹ sọ pé "oògùn pupa kékeré nì".

*Ìtọ̀ ṣúgà.* Ínsúlíìnì tí a ti ń lò lè wà láìsí fíríìjì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 bí oòrùn kò bá pa á tí ibẹ̀ kò sì gbóná jù. Ìkòkò amọ̀ tí a gbé sínú ìkòkò ńlá, tí a fi iyanrìn tútù há àárín wọn, máa ń mú kí ó tutù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di yìnyín.

*Oyún.* Bí oṣù ìbímọ bá bọ́ sí àsìkò òjò, ẹ ṣètò láti gbé nítòsí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú, bí ilé yín bá wà ní ibi tí omi ń bò.

Fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera

- Láti oṣù Kẹta, ẹ bi gbogbo aláìsàn tí ń lo oògùn lójoojúmọ́ ní ìbéèrè méjì: "Ṣé omi máa ń wọ ilé yín?" àti "Níbo lẹ ó sá sí?" Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀.
- Ẹ fún àwọn tí ewu pọ̀ fún ní oògùn tí yóò tó wọn lò kọjá ọjọ́ tí wọn yóò tún padà wá, níbi tí ìlànà bá ti gbà á láyè.
- Ẹ gbé àjẹsára, oògùn àti ìwé àkọsílẹ̀ kúrò ní yàrá ìsàlẹ̀.
- Ẹ tọ́jú ORS, zinc àti omi Ringer's lactate sílẹ̀. Fún aláìsàn tí omi ara rẹ̀ dín kù díẹ̀, ẹ fún un ní ORS mílílítà 75 fún kìlógíráàmù kan láàárín wákàtí 4. Fún àgbàlagbà àti ọmọ tó ti pé ọdún kan, tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ gan-an, ẹ fa Ringer's lactate mílílítà 100 fún kìlógíráàmù kan sí i lára: 30 láàárín ìṣẹ́jú 30, àti 70 tó kù láàárín wákàtí 2 àbọ̀. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ fa 30 àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 1, kí ẹ sì fa 70 tó kù láàárín wákàtí 5.
- Ẹ fi tó àwọn aláṣẹ ìlera àdúgbò létí lójú ẹsẹ̀ bí ẹ bá fura sí onígbáméjì. Ẹ má dúró de èsì àyẹ̀wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.
- Ẹni tí omi gbé ọmọ tàbí ọjà rẹ̀ lọ lè má sùn, lè má jẹun, ẹ̀rù òjò sì lè máa bà á. Ẹ tẹ́tí sí i láìdá a lẹ́bi. Bí ó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì wá ìrànlọ́wọ́ fún un.

Àwọn ìbéèrè fún ìjíròrò ní ilé, ní ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ní ilé ìwòsàn

1. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́ òní, níbo ni olúkúlùkù ará ilé yín yóò wà? Ta ni yóò wà pẹ̀lú ọmọ tí ó kéré jù?
2. Kí ni ó wà nítòsí ibi ìsádi tí ẹ yàn? Ṣé ẹ ti fi ẹsẹ̀ yín rìn débẹ̀ rí?
3. Ta ni nínú ilé yín tí kò lè dá rìn? Ta ni yóò gbé e?
4. Oògùn wo ni kò gbọdọ̀ tán nínú ilé yín, ọjọ́ mélòó sì ni èyí tó wà nílẹ̀ lè tó?
5. Ta ni yóò jí àwọn tí ń sùn sí iwájú ìsọ̀ yín?

Ìbéèrè tí kò bá ní ìdáhùn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì mọ́.